Èdè Kì í Ṣe Ìwé Ìrìnnà

Bí obìnrin oníṣòwò kan bá jí ní ìdájí ní Èrúwà, tí ó di ẹ̀gúsí rẹ̀ sínú àpò, tí ó wọ ọkọ̀ gba Igbó-Ọrà lọ sí Abẹ́òkúta, tí ó sì tún wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀, tí ó gba Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ dé Ìlárá, oòrùn lè má tíì wọ̀ kí ó tó bá ara rẹ̀ ní Kétu. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi, kò gun òkè gíga, kò la aṣálẹ̀ kọjá. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá kí pé "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o" yóò dá a lóhùn pé "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìrìn." Yóò gbọ́ pé Alákétu ni orúkọ oyè ọba ìlú náà. Yóò gbọ́ pé Táyé àti Kẹ́hìndé ni wọ́n ń pe ìbejì níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Igbó-Ọrà tí òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ níbẹ̀, obì ni wọ́n sì ń pe obì. Bí kì í bá ṣe ti owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná lọ́jà àti àkọlé èdè Faransé tí ó wà lára ilé ìjọba, ìbá rò pé òun kò tíì jáde kúrò ní ilẹ̀ Ìbàràpá.

Ṣùgbọ́n ó ti jáde. Orílẹ̀-èdè Benin ni ó wà, òfin tí ó dè é ní Èrúwà ní òwúrọ̀ kọ́ ni ó sì dè é ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Nínú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ewu pọ̀ sí fún ọmọ Yorùbá, ó sì pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú ìrìn-àjò London tàbí ti Ṣáínà lọ. Ẹni tí ó ń lọ sí London mọ̀ pé ilẹ̀ àjèjì ni òun ń lọ. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti lọ rí, ó ti gba ìwé ìrìnnà àti ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, ó ti ra aṣọ òtútù. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ojú ọjọ́ pàápàá yóò rán an létí pé kò sí nílé mọ́. Ẹni tí ó ń lọ sí Kétu kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí kò rí ohun tí ó jọ àjèjì lójú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó jọ ilé ẹni ni ó ń tanni jẹ jù lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn kan nínú, pàápàá jù lọ nínú àwọn àgbà. Wọ́n a ní, ta ni ó fa ààlà náà? Ṣé Yorùbá ni? Wọ́n a ní ọmọ Odùduwà kò gbọdọ̀ mú ìwé dání kí ó tó lọ kí ọmọ ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jókòó tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìlà tí yóò pín ilẹ̀ náà, wọ́n sì tún un ṣe ní Paris ní ọdún 1898. Wọn kò pe Aláàfin, wọn kò pe Ẹlẹ́ruwà, wọn kò sì pe Alákétu. Ní ti Kétu, ogun Dahomey ti fọ́ ìlú náà ní ọdún 1886, kò sì tíì jí padà rárá nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ́kọ́ fa ìlà wọn. Ìlà náà la Ìlárá já, tó bẹ́ẹ̀ tí Ìlárá fi wà ní Nàìjíríà, tí Ìlárá sì tún wà ní Benin, tí àwọn ẹbí kan náà ń gbé ní ìhà méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn yìí tí kò ní dùn.

Síbẹ̀, ó yẹ kí àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ rántí ohun tí àwọn baba ńlá fúnra wọn ṣe. Nígbà tí àwọn Faransé ń kó ènìyàn ṣe iṣẹ́ àpàpàǹdodo ní ilẹ̀ Kétu, àti nígbà tí wọ́n ń mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ogun ńlá ọdún 1914 sí 1918, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn, wọ́n sì sá wọ ìhà Ìmẹ̀kọ tí ó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò wí pé ọ̀kan náà ni Yorùbá, pé ààlà kò sí. Wọ́n mọ ibi tí òfin Faransé parí sí, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn bá fi ẹsẹ̀ kan kọjá ibẹ̀, ọwọ́ kò ní lè tẹ àwọn mọ́. Òfin ìhà méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bá ààlà jà, kí ó lọ bá a jà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti nínú ìwé ìròyìn, níbi tí ìjà náà ti lè so èso. Ìjà tí ènìyàn bá bá a jà lójú ọ̀nà Ìlárá, ní alẹ́, níwájú ọlọ́pàá tí kò gbọ́ ju èdè Faransé lọ, kò ní pẹ́ parí, kò sì ní parí síbi tí ó dára.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó lọ bi àwọn ìdílé tí wọ́n ti Ghana dé.

Kí òmìnira tó dé, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni Gold Coast àti Nàìjíríà wà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìgbòho, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn ni àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń lọ síbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti oríṣiríṣi ọjà wẹ́wẹ́ ní Accra, ní Kumasi, ní Tamale, àti ní àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í fẹ́ dé. Wọ́n kọ́ ilé níbẹ̀, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì bí ọmọ tiwọn. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́ èdè Twi ju Yorùbá lọ. Ní ọdún 1957 Ghana gba òmìnira, ní ọdún 1960 Nàìjíríà gba tirẹ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹni tí ó fi ara balẹ̀ ro ohun tí àsíá tuntun méjèèjì túmọ̀ sí fún oníṣòwò tí ó ń gbé Kumasi. Kò kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀, kò ṣí ilé, síbẹ̀ ó ti di àjèjì. Ilẹ̀ ni ó ṣí nídìí rẹ̀.

Ní ọdún 1963 ìjọba Ghana ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Òfin náà béèrè pé kí àlejò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ kò gba ìwé náà, kò sì sí ẹni tí ó fi ìyẹn dá wọn lójú rú fún ọdún púpọ̀. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Wọ́n ti pẹ́ lára ọṣẹ; wọ́n gbà pé àwọn ti di ọṣẹ.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia, tí kò tíì pẹ́ lórí àlééfà, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Kí ni ènìyàn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe nípa ilé tí ó fi ogún ọdún kọ́? Àwọn tí wọ́n ta ọjà àwìn kò rí owó wọn gbà, nítorí ta ni yóò sáré san gbèsè fún ẹni tí ó ń lọ tí kò ní padà? Ọjà tí ó kún ìsọ̀ di ọjà àtàmọ́, tí wọ́n fi ń fún ẹni tí ó bá dúnàá-dúrà díẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kún ojú ọ̀nà Togo àti Dahomey, ènìyàn àti ẹní àti ìkòkò àti àwọn ọmọ tí a kò kọ́ ní ọ̀nà ilé rí. Wọ́n dé ìlú baba wọn bí àlejò, àwọn mìíràn kò mọ agbo ilé tí wọn yóò yà sí.

Ó rọrùn láti bá àṣẹ náà wí, ó sì tọ́ kí a bá a wí, nítorí ó le, kò sì ṣe ojú àánú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún arìnrìn-àjò ju ìbáwí lọ. Òfin tí ó sùn kò kú. Ẹni tí ó bá ń gbé ìlú kan tí òfin rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án, kì í ṣe pé òfin náà kò sí. Ó lè jẹ́ pé kò tíì wu ìjọba láti jí i ni. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ajé bá bàjẹ́, tí àwọn onílé bá ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń jí irú òfin bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìwé nìkan kò gba gbogbo ènìyàn là: ní ọdún 1970 Ghana tún ṣe òfin mìíràn tí ó gba oríṣi òwò kan lọ́wọ́ àwọn àjèjì, yálà wọ́n ní ìwé tàbí wọn kò ní. Síbẹ̀ ẹni tí ó ní ìwé rí àyè láti ronú, àti láti wá ẹni tí yóò ra ilé. Ẹni tí kò ní, ọjọ́ ni ó ń kà.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé Ghana nìkan ni ó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà ṣe é pẹ̀lú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 péré láti jáde. Ó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó lọ, ọmọ Ghana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì onílà tí wọ́n di ẹrù wọn sí ni gbogbo ọjà ṣì ń pè ní "Ghana Must Go" títí di òní. Ẹni tí ó bá ń ra báàgì náà ní ọjà Igbó-Ọrà, orúkọ ìbànújẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń pè.

Àwọn tí ó mọ òfin díẹ̀ yóò sọ pé ayé ti yí padà. Wọ́n yóò tọ́ka sí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, àti sí ìwé àdéhùn tí àwọn olórí wọ̀nyí fọwọ́ sí ní Dakar ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi àdéhùn yìí yangàn kò kà á rí. Kò sọ pé kí ènìyàn máa rìn lọ rìn bọ̀ láìmú nǹkan kan dání. Ó ní kí arìnrìn-àjò ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kí ó ní ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí àwọn èrò ọkọ̀ ń pè ní yẹ́lò káàdì, kí ó sì gba ẹnubodè tí ìjọba mọ̀ wọlé. Ọjọ́ 90 ni ó lè lò. Bí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di dandan kí ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko wọ Benin lẹ́yìn ọkọ̀ alùpùpù, tí kò sí òǹtẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, ti sọ ẹ̀tọ́ tí àdéhùn náà fún un nù kí ó tó mu omi ìlú náà.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, ó sì yẹ kí a dúró tì í díẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé òfin wà láti fìyà jẹ àlejò nìkan. Ní ojú ọ̀nà ẹnubodè, òdì kejì ni ó máa ń jẹ́: àìmọ òfin ni ó ń fìyà jẹ àlejò jù. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà wọ̀nyí rí ni ó mọ̀ pé okùn tí wọ́n ta sójú ọ̀nà pọ̀, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ kan wà níhà gbogbo, ti Nàìjíríà kò gbẹ́yìn, tí wọ́n ń na ọwọ́ sí èrò ọkọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé kò lè bi wọ́n léèrè ohun tí owó náà wà fún. Yóò san án ní okùn kìíní, yóò san án ní okùn kejì, títí èrè ẹ̀gúsí rẹ̀ yóò fi tán sójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ní ìwé tí kò sì mọ ohun tí ìwé náà fún un yóò san án pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tí ó mọ̀ pé òun kò jẹ gbèsè, tí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè rìsíìtì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dá dúró pẹ́. Ọ̀rọ̀ rìsíìtì máa ń mú ọwọ́ kan padà sápò.

Àwọn kan yóò wí pé ìwé ìrìnnà wọ́n fún aláìní. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Obìnrin tí gbogbo ọjà rẹ̀ kò ju àpò ẹ̀gúsí méjì lọ kò lè fi èrè ọdún kan ra ìwé kan, kí ó tún fi ọjọ́ mélòó kan lọ sí Ìbàdàn nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1985 ni ECOWAS ti ronú kan irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n dá ìwé kékeré kan sílẹ̀ fún ìrìn-àjò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà nìkan. Díẹ̀ ni ẹni tí ó gbọ́ nípa rẹ̀ rí ní Ayétẹ̀ tàbí ní Ìgàngán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sún mọ́ ọ̀nà Kétu ju ará Èkó lọ. Ẹ̀bi ìjọba ni èyí, kì í ṣe ẹ̀bi oníṣòwò. Ìjọba tí ó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ènìyàn, ó yẹ kí ó gbé ìwé náà dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè tó o.

Àdéhùn pàápàá kì í ṣe àpáta. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì àti nǹkan mìíràn, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Ohun tí ó jẹ́ òfin nígbà tí ẹ̀gbọ́n rìn ọ̀nà kan lè má jẹ́ òfin mọ́ nígbà tí àbúrò bá fẹ́ rìn ín. Ìròyìn èṣí kì í ṣe ìwé ìtọ́nà.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà wà, tí wọn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Awakọ̀ tí ó bá ń wa ọkọ̀ lọ sí Benin, Togo tàbí Ghana gbọ́dọ̀ ní káàdì ìbánigbófò tí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fọwọ́ sí ní Cotonou ní ọdún 1982, èyí tí wọ́n ń pè ní "Brown Card". Ó ní oore kan tí awakọ̀ òde òní kò mọ̀ pé òun ń jẹ: kí ó tó di ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún ni ti Dahomey, tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ tí ó bá gbàgbé ní ẹnubodè fi lè fi orí kọ orí pẹ̀lú ẹni tí ń bọ̀. Láti ìparí ọdún 2017 ni Benin ti ṣe òfin tí ó ka àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀. Oníṣòwò Èrúwà tí ó bá sì wọn ẹ̀gúsí rẹ̀ sínú ọ̀rá kéékèèké láti máa tà á, bí ó ti ń ṣe nílé, ó ti rú òfin kí ó tó polówó. Kò jalè, kò purọ́, ọ̀rá ni ó lò.

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀rá bá yani lẹ́nu, ti obì yóò yani lẹ́nu jù. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kò sí ohun tí ó jẹ́ aláìlẹ́bi tó obì. Òun ni wọ́n fi ń gba àlejò, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó. Alàgbà tí ó bá ń lọ sí Mẹ́kà kò ní rí ohun tí ó burú nínú pé kí òun kó gbànja díẹ̀ sápò láti máa jẹ. Ṣùgbọ́n eèwọ̀ ni láti mú gbànja wọ ilẹ̀ Saudi Arabia, Ìgbìmọ̀ Hájì Nàìjíríà sì ti kìlọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ni alàgbà yóò wí fún aṣọ́bodè ní Jeddah? Pé ní ìlú òun ọ̀wọ̀ ni? Aṣọ́bodè kò bi í léèrè ohun tí ó jẹ́ ní ìlú rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ẹrù ẹlòmíràn. Ìwà ọmọlúàbí ni pé bí ará ilé ẹni bá ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí jíṣẹ́ fún ọmọ mi," kí ènìyàn gbà á láìtú u wò. Ní ilẹ̀ òkèèrè, ìwà rere yẹn lè di ikú. Ní ìparí ọdún 2018, wọ́n mú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan ní Saudi Arabia, tí ó lọ ṣe Úmúrà, nítorí wọ́n rí oògùn tramadol nínú báàgì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ikú ni òfin ibẹ̀ lè dá fún ẹni tí ó bá gbé oògùn olóró wọlé. Kò mọ nǹkan kan nípa báàgì náà. Àwọn kan ni ó fi orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn ní pápákọ̀ òfurufú Kano. Oṣù mẹ́rin ni ó lò ní àtìmọ́lé kí ìjọba Nàìjíríà tó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 2019. Ọmọ yìí kò tilẹ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á? Kí ènìyàn tú àpò tí wọ́n rán an wò lójú ẹni tí ó rán an, kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tí ó bá bínú sí i, kí ó gbé àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó yà ni lẹ́nu pé àwọn ará Ìbàràpá ni a tún gbọ́dọ̀ máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa bí ó bá kan àlejò tiwọn. Láyé àtijọ́, àlejò tí ó bá wọ Èrúwà tàbí Igbó-Ọrà kò ní pa àtíbàbà sí ibi tí ó wù ú. Yóò wá onílé, onílé yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀, wọn yóò sì sọ fún un ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ ìlú: odò tí wọn kì í pẹja rẹ̀, igbó tí wọn kì í dá, ọjọ́ tí obìnrin kì í jáde. Bí ó bá rú èyíkéyìí lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ pé ní ìlú tirẹ̀ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2018 tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì ní Igbó-Ọrà, àlejò ń wá láti ìlú òyìnbó, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán ní ọrùn. Ìyá ìbejì tí ẹnì kan bá ya àwòrán ọmọ rẹ̀ láìtọrọ àyè kò ní béèrè bóyá òfin ìlú àlejò náà gbà á láàyè. Ẹjọ́ rẹ̀ ni yóò rò, ní èdè Ìbàràpá, yóò sì retí pé kí àlejò gbọ́.

Oníṣòwò Èrúwà ti fẹ́ dé Ìlárá báyìí. Dírẹ́bà ti sọ fún àwọn èrò pé ọ̀nà oko kan wà tí ó yá, pé ẹ̀gbọ́n òun ni ó ń gba owó níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Obìnrin náà dúró lórí ìlà pẹ̀lú ìwé rẹ̀ àti yẹ́lò káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, àpò ẹ̀gúsí méjì lẹ́sẹ̀, apẹ̀rẹ̀ dípò ọ̀rá. Ìlà náà gùn, oòrùn mú, ó tó wákàtí kan kí ó tó kàn án. Òṣìṣẹ́ ìhà kejì gba ìwé náà, ó ṣí i, ó fi èdè Faransé béèrè nǹkan tí obìnrin náà kò gbọ́. Ó tún wo ojú àwòrán, ó wo ojú ènìyàn, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ ọjọ́ sí i. Nígbà tí ó ń dá ìwé náà padà, ó wo àpò ilẹ̀, ó sì béèrè ní èdè Kétu pé èló ni wọ́n ń ta ẹ̀gúsí ní Èrúwà báyìí.